Àpótí géèmù tí gbogbo wa ń pè ní Nintendo: kí ló wà nínú ẹ̀ gan-an?

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan ju fọ́tò sórí gúrúùpù WhatsApp àwa tá a jọ kàwé. Àpótí dúdú kan ni, páàdì méjì tí wáyà wọn ti lọ́ mọ́ra, àti kásẹ́ẹ̀tì yẹ́lò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé "ta ló rántí Nintendo wa?" Háà, ìjà dé. Ẹnì kan ní Sega ni, ẹlòmíì ní irọ́ ni, Terminator ló ń jẹ́, ẹnì kẹta tó wà ní London báyìí ní gbogbo yín ò mọ nǹkan kan, ojúlówó Nintendo wà nílé ọ̀gá òun, àwọ̀ eérú ló ní, kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sì tóbi tó ìwé àdúrà. Wọ́n fà á títí ilẹ̀ fi ṣú, ni wọ́n bá ní kí èmi tí mo fẹ́ràn àti máa tú nǹkan àtijọ́ palẹ̀ wá dá ẹjọ́.

Ẹjọ́ ọ̀hún ò le. Gbogbo wọn ló jàre díẹ̀, gbogbo wọn ló sì jẹ̀bi díẹ̀. Ara àpótí yẹn jọ ti Sega, ilé-iṣẹ́ géèmù tó ń bá Nintendo du ọjà, ọpọlọ inú ẹ̀ jẹ́ àdàkọ ti Nintendo, orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára ò sì jẹ́ ti ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì. Bó ṣe di bẹ́ẹ̀ lọ́rọ̀ gùn sí, ẹ fara balẹ̀.

Ká kọ́kọ́ mọ orúkọ tá a máa pè

Console ni àpótí fúnra ẹ̀, èyí tá a ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ẹ fi wé ọmọ tó mọ̀wé kà dáadáa àmọ́ tí kò ní ìwé kankan lọ́wọ́, tẹ́ ẹ bá ní kó kàwé á kàn máa wò yín. Kásẹ́ẹ̀tì ni ìwé yẹn. Orúkọ tí àwa ń pè é nìyẹn o, nítorí ó jọ kásẹ́ẹ̀tì orin lójú wa, àmọ́ kò sí téèpù kankan nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tú u, pátákó kékeré kan ló wà níbẹ̀ tí wọ́n jó chip mọ́, ojú irin wíńníwínní tò sí etí ẹ̀, àwọn irin yẹn ló ń wọ inú àpótí lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn.

Chip ni nǹkan dúdú kékeré tó ń ṣe ìṣirò tàbí tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀. Ayédèrú ní tiẹ̀, ẹ ti mọ̀ ọ́n, ẹ ò nílò mi fún ìyẹn.

Ó tún ku orúkọ méjì tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú: Famicom àti NES. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ọ̀kan gbé Japan, èkejì lọ Amẹ́ríkà ó lọ yí orúkọ padà, ó tún pààrọ̀ aṣọ. Àpótí tiwa, inú ẹbí èyí tó gbé Japan ló ti jáde, kì í ṣe ti Amẹ́ríkà. Ẹ di ìyẹn mú, ibẹ̀ la máa padà sí.

Níbo ló ti wá?

Nintendo kì í ṣe ọmọ àná. Ìlú Kyoto ní Japan ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1889, káàdì ni wọ́n sì ń ṣe nígbà yẹn, káàdì olódòdó kan tí wọ́n ń pè ní hanafuda, wọ́n máa ń fi ta tẹ́tẹ́. Nígbà tó yá ni wọ́n bọ́ sórí ohun ìṣeré, látibẹ̀ wọ́n dórí géèmù. Ọ̀gá wọn lásìkò yẹn, Hiroshi Yamauchi, ní kí ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Masayuki Uemura bá òun ṣe àpótí géèmù fún inú ilé, kó má wọ́n, àmọ́ kó dáa débi pé àwọn tó kù ò ní tètè rí i ṣe.

15 July 1983 ló jáde, 14,800 yen ni wọ́n ń tà á. Family Computer ni wọ́n sọ ọ́, àwọn ará Japan bá gé e kúrú sí Famicom. Funfun àti pupa rẹ́súrẹ́sú ni, páàdì méjì tí wáyà wọn wọ inú àpótí lọ tààrà, ẹ ò lè yọ ọ́, tó bá bàjẹ́ ẹ gbé gbogbo ẹ̀ lọ fún onítúnṣe. Páàdì kejì tiẹ̀ ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré lára, ẹ lè pariwo sí i kí géèmù gbọ́. Kí n má purọ́, n ò mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa fẹ́ kí ọmọ máa pariwo mọ́ géèmù nínú ilé, ariwo tá à ń pa láìsí ẹ̀rọ ti tó.

Àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n tà ní ìṣòro, chip kan nínú wọn ò dáa, géèmù á kàn dì gbagidi lójú ẹ. Nintendo kó wọn padà, wọ́n pààrọ̀ pátákó inú wọn. Ó ná wọn lówó, àmọ́ kò ba orúkọ wọn jẹ́.

Bọ́tìnnì alágbélébùú tó wà lọ́wọ́ òsì páàdì, tá a fi ń lọ sókè sódò sọ́tùn-ún sósì, èèyàn wọn kan tó ń jẹ́ Gunpei Yokoi ló ṣe é fún géèmù kékeré àfọwọ́gbé kan ní 1982, wọ́n bá gbé e wá síbí. Kó tó dìgbà yẹn ọ̀pá kan bíi gíà mọ́tò ni àwọn èèyàn máa ń gbá mú. Ẹ gbé páàdì PlayStation tàbí Xbox tó wà nílé yín, alágbélébùú yẹn ṣì wà lára ẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n fi yí i padà kó tó dé Amẹ́ríkà?

Nítorí pé ọjà géèmù ti dàrú ní Amẹ́ríkà. Ẹ rántí ìgbà tí pure water ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí gbogbo ẹni tó ní kànga àti ẹ̀rọ ìlẹ̀mọ́ wá di oníléeṣẹ́? Bí ti Atari, ilé-iṣẹ́ géèmù Amẹ́ríkà kan, ṣe rí nìyẹn. Àpótí tiwọn, ẹnikẹ́ni ló lè ṣe kásẹ́ẹ̀tì sí i láì gbàṣẹ, ni gbogbo ayé bá ń ṣe é, èyí tó dáa, èyí tí kò dáa, títí tí àwọn òbí fi ní àwọn ò ra mọ́. Ọjà kú sọ́wọ́ àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Ní September 1983 Atari kó kásẹ́ẹ̀tì tí kò tà, wọ́n lọ sin ín sí ààtàn kan ní Alamogordo, New Mexico. Ọ̀pọ̀ ló rò pé àlọ́ lásán ni, àfi ìgbà tí wọ́n gbẹ́ ibẹ̀ ní 2014 tí wọ́n bá wọn nílẹ̀ lóòótọ́.

Torí náà nígbà tí Nintendo dé, oníṣọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà ò fẹ́ gbọ́ "video game" sétí. Wọ́n bá dọ́gbọ́n. Wọ́n kun àpótí ní àwọ̀ eérú, wọ́n ṣe é kó jọ ẹ̀rọ fídíò, ìlẹ̀kùn kékeré wà níwájú ẹ̀ tí kásẹ́ẹ̀tì á ti wọlé, wọ́n tún fi róbọ́ọ̀tì kékeré kan kún un kí ẹni tó ń tà á lè sọ pé ohun ìṣeré ni, kì í ṣe géèmù. October 1985 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e sọ́jà ní New York. Nintendo Entertainment System, NES nìyẹn. Ẹni tó wà ní London lórí gúrúùpù wa, òun ló rí, kò purọ́.

Àmọ́ nǹkan tó ṣe pàtàkì jù ò hàn lójú. Wọ́n fi mẹ́gádì sínú ẹ̀. Chip kan wà nínú àpótí, ìkejì ẹ̀ wà nínú gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tí Nintendo fọwọ́ sí, tẹ́ ẹ bá ti tanná, àwọn méjèèjì á máa bára wọn sọ̀rọ̀ àṣírí. Tí ti inú kásẹ́ẹ̀tì ò bá dáhùn bó ṣe yẹ, mẹ́gádì á pa géèmù, á tún tàn án, á tún pa á, bíi lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó máa ń sọ pé tẹlifíṣọ̀n àwọn ń ṣẹ́jú, mẹ́gádì yẹn ló ń lé kásẹ́ẹ̀tì síta.

Ohun tí wọ́n fi ṣe ni pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ta géèmù fún NES gbọ́dọ̀ wá bá Nintendo, Nintendo ló máa bá a ṣe kásẹ́ẹ̀tì, á gba owó tiẹ̀, ilé-iṣẹ́ kan ò sì gbọ́dọ̀ ju géèmù 5 lọ́dún. Konami tí géèmù pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ dọ́gbọ́n dá ilé-iṣẹ́ míì sílẹ̀, Ultra, kó lè ta 5 míì sí i. Atari Games ní tiẹ̀ ní àwọn ò ní tọrọ, wọ́n lọ gba àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ àṣírí mẹ́gádì yẹn ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń tọ́jú ẹ̀tọ́ àwọn oníṣẹ́ ọpọlọ, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹjọ́ làwọn fẹ́ lò ó fún, wọ́n bá fi ṣe kọ́kọ́rọ́ tiwọn. Kóòtù ò gbà fún wọn. Ọgbọ́n yẹn ga o, àmọ́ olè lolè ń jẹ́.

Famicom ti Japan wá ńkọ́? Kò ní mẹ́gádì. Ilẹ̀kùn ẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ó dáa, kí ló wà nínú ẹ̀?

Ibí ló dùn mọ́ mi jù, ẹ jẹ́ n gbádùn ara mi díẹ̀.

Ọpọlọ ẹ̀ jẹ́ chip tí ilé-iṣẹ́ Ricoh ṣe, àwòṣe chip 6502 tí kọ̀ǹpútà Apple II náà lò. Ibi tó ń kọ ohun tó ń lọ lọ́wọ́ sí, bí ibi tí Mario wà, láìfù tó kù, máàkì tẹ́ ẹ ti gbà, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 2KB. Ìyẹn ààyè fún lẹ́tà 2,048. Ohun tí mo ti kọ láti òkè dé ibí, kò lè gbà á. Géèmù Super Mario Bros. tó jáde ní 1985, tòun tàwòrán tòun torin, 40KB ni gbogbo ẹ̀. Fọ́tò tí wọ́n fi dá ìjà sílẹ̀ lórí gúrúùpù wa ju ìyẹn lọ.

Báwo ni wọ́n ṣe wá rí ayé ńlá bí ti Mario kó sínú nǹkan tó kéré bẹ́ẹ̀? Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ l'Abẹ́òkúta. Wọ́n á gé bátànì sára páànù, wọ́n á gbé e lé aṣọ, wọ́n á fi ẹ̀kọ kùn ún, wọ́n á ṣí i, wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n á tún kùn ún. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n gé páànù, àmọ́ bátànì ti kún aṣọ láti etí dé etí. Bí Famicom ṣe ń yàwòrán nìyẹn gẹ́lẹ́. Kò sí àwòrán ńlá kankan nínú ẹ̀, bátànì pẹlẹbẹ ló wà níbẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ tóótòòtó 8 ní fífẹ̀ àti 8 ní gíga, 256 fún ẹ̀yìn àwòrán, 256 míì fún nǹkan tó ń rìn. Géèmù á kàn máa tò wọ́n.

Aró ńkọ́? Bátànì kan náà, ẹ lè rẹ ẹ́ sínú aró oríṣiríṣi. Ẹ wo Mario dáadáa lọ́jọ́ míì: ìkúukùu tó wà lójú ọ̀run àti igbó tó wà nílẹ̀, nǹkan kan náà ni wọ́n. Bátànì kan, wọ́n rẹ ọ̀kan ní funfun, wọ́n rẹ èkejì ní àwọ̀ ewé. Ọdún mélòó la fi gbá géèmù yẹn tí ẹnì kankan ò rí i.

Àwọn nǹkan tó ń rìn ní òfin tiwọn. Lórí ìlà kan lójú tẹlifíṣọ̀n, bátànì 8 péré ló lè jókòó lẹ́ẹ̀kan náà, bíi bẹ́ǹṣì dánfó. Tí ìkẹsàn-án bá dé, kò ní hàn. Àwọn tó ń kọ géèmù bá ṣe é kí wọ́n máa gba ara wọn láyè, tí lágbájá bá sọ̀ kalẹ̀ ní ìsinsìnyí, tàmẹ̀dù á sọ̀ kalẹ̀ nígbà tó bá kàn. Lójú wa, wọ́n ń ṣẹ́jú. Bọ̀ọ̀dá mi, tá a bá ń gbá Contra tí ọta ìbọn pọ̀, tí àwọn èèyàn inú ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, á ní háàfù kọ́rẹ́ǹtì ni, á lọ máa yí stabilizer. Ọdún gbọọrọ ló fi yí stabilizer yẹn. Kò sí ohun tó kan NEPA níbẹ̀, bẹ́ǹṣì ló kún.

Báwo ló ṣe wá di Terminator lọ́wọ́ wa?

Ẹ rántí ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀. Taiwan làwọn kan ti wò ó pé Famicom ò ní mẹ́gádì, wọ́n bá tú u, wọ́n wo chip inú ẹ̀, wọ́n ṣe àdàkọ ẹ̀. UMC jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tó ṣe irú chip bẹ́ẹ̀. Micro Genius jẹ́ ọ̀kan nínú àpótí tó jáde látibẹ̀. Àwọn tó fẹ́ ta á ní ìlú tiwọn á ra inú, wọ́n á wá bá a rán aṣọ, wọ́n á fún un lórúkọ. Ní Rọ́ṣíà ó di Dendy ní 1992, ó ní erin kékeré kan bí àmì. Ní Poland ó di Pegasus. Ní Ṣáínà ilé-iṣẹ́ Subor fi kíbọ́ọ̀dù sí i, wọ́n ní ẹ̀rọ ẹ̀kọ́ fọ́mọ ni, àwọn òbí rà á tọkàntọkàn, àwọn ọmọ sì ń gbá géèmù lórí ẹ̀ tọkàntọkàn. Ọ̀pọ̀ ọmọ àwọn ìlú wọ̀nyẹn ló dàgbà láìmọ̀ pé nǹkan kan ń jẹ́ Nintendo.

Aṣọ yẹn ló dá ìjà gúrúùpù wa sílẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú mọ̀ pé Sega Mega Drive ló ń lọ lójú àwọn ọmọ lásìkò yẹn, wọ́n bá ṣe àpótí dúdú tó jọ ọ́, wọ́n kọ Terminator sí i. Nígbà tí PlayStation dé, wọ́n ṣe PolyStation, ó ní ìdérí rogodo bíi ti CD, ẹ ṣí i, ojú ihò kásẹ́ẹ̀tì lẹ máa bá níbẹ̀. Aṣọ ń yí, ẹni tó wọ̀ ọ́ ò yí.

Bọ̀ọ̀dá ra tiwa ní Dúgbẹ̀, ó gbé e wálé nínú láílọ́ọ̀nù dúdú, gbogbo àdúgbò bá a wọlé. Nígbà tí àpótí náà kú lẹ́yìn ọdún díẹ̀, a fi sikurudíráfà tú u. Mo rò pé inú ẹ̀ máa kún bíi ti rédíò bàbá mi. Òfìfo! Pátákó kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, wáyà mẹ́rin márùn-ún, àti irin kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ kí àpótí lè wúwo lọ́wọ́ ẹni tó ń rà á. Ní àárín pátákó, nǹkan dúdú kan bí ọ̀dà tó kán sílẹ̀ tó sì gbẹ. Bọ̀ọ̀dá ní iná ló jó o. Iná kọ́. Ó ti pẹ́ tí àwọn tó ń ṣe àdàkọ ti kó gbogbo chip Famicom, ọpọlọ, ayàwòrán, olórin, sínú ẹyọ kan ṣoṣo, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó, wọ́n á da oje dúdú lé e. Gbogbo iṣẹ́ Uemura nìyẹn lábẹ́ ẹ̀kán ọ̀dà kan.

Ṣé géèmù inú ẹ̀ náà jẹ́ ayédèrú?

Rárá, ibí ló ti yàtọ̀. Ayédèrú aago, tẹ́ ẹ bá ṣí i, ẹ̀rọ inú ẹ̀ kì í ṣe ti ojúlówó. Àmọ́ Contra tá a gbá, Contra tí Konami kọ ni. Tank tá a gbá, tí ẹ̀ ń ṣọ́ ẹyẹ kan nísàlẹ̀ kí ọ̀tá má yìn ín, Battle City ti ilé-iṣẹ́ Namco ni, 1985, lẹ́tà kan ò yí. (Ẹ lè fọwọ́ ara yín yìnbọn pa ẹyẹ yẹn o. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Bọ̀ọ̀dá fún mi ní páàdì, ohun tí mo ṣe nìyẹn, n ò tíì rìn dé ibì kankan.) Wọ́n jí wọn gbé ni, wọn ò ṣe ayédèrú wọn. Ìyàtọ̀ wà.

Ohun tó jẹ́ irọ́ ni nọ́ńbà. "9999999 in 1". Ta ló máa gbá géèmù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 10? Tẹ́ ẹ bá yí lọ sísàlẹ̀, ẹ̀ẹ̀ rí i pé géèmù díẹ̀ ni wọ́n ń pè lórúkọ oríṣiríṣi, Mario láti ìpele kìíní, Mario láti ìpele kẹta, Mario pẹ̀lú láìfù tó pọ̀, wọ́n á pe ìkọ̀ọ̀kan ní géèmù tuntun. Bí ẹni tó ń ta ẹ̀wà tó kọ ẹ̀wà pẹ̀lú dòdò, ẹ̀wà láìsí dòdò, dòdò pẹ̀lú ẹ̀wà sára pátákó.

Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá kásẹ́ẹ̀tì yín wá láti ìdílé Japan? Ẹ ka irin etí ẹ̀, lójú méjèèjì. 60 ni ti Famicom, 72 ni ti NES. Ti London tóbi, tiwa kéré, àríyànjiyàn parí.

Ṣé fífẹ́ tá à ń fẹ́ ẹ ṣiṣẹ́?

Gbogbo ayé ló fẹ́ kásẹ́ẹ̀tì. Ọmọ Ìbàdàn fẹ́ ẹ, ọmọ New York fẹ́ ẹ, ẹnì kankan ò kọ́ ẹnì kejì. Àmọ́ Nintendo fúnra wọn ní kí ẹ má fẹ́ ẹ mọ́, torí itọ́ ẹnu máa ń bá afẹ́fẹ́ jáde, itọ́ sì máa ń jẹ́ kí irin dípẹtà. Ohun tó ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ni yíyọ tẹ́ ẹ yọ ọ́ tẹ́ ẹ tún kì í bọ̀. Irin tí kò bára wọn tẹ́lẹ̀ á bára wọn. Ti NES tiẹ̀ burú jù, torí ìlẹ̀kùn fídíò tí wọ́n fi tan oníṣọ́ọ̀bù yẹn máa ń jẹ́ kí irin inú ẹ̀ tẹ̀, kí mẹ́gádì má gbọ́ ohùn ẹnì kejì ẹ̀. Tiwa tó ń wọlé látòkè ò ní wàhálà yẹn púpọ̀, tiẹ̀ ni kí gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n kàn di àmì jágbajàgba.

Kí ló dé tí Mario tiwa fi lọ́ra?

Èyí, àwọn tó ti gbá méjèèjì nìkan ló máa ń kíyè sí i. Tẹlifíṣọ̀n Japan àti ti Amẹ́ríkà ìgbà yẹn ń yàwòrán ní nǹkan bí ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tiwa ní Nàìjíríà, bíi ti àwọn Òyìnbó London, ìgbà 50. Géèmù sì ń bá àwòrán rìn bí oníjó ṣe ń bá onílù rìn, ẹsẹ̀ kan fún ìlù kan. Japan ni wọ́n ti ṣe ijó náà fún ìlù 60, wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, onílù ń lu 50. Nínú àpótí tí wọ́n ṣe fún irú tẹlifíṣọ̀n tiwa, níbi tí Mario ti Japan ti gbé ẹsẹ̀ 6, tiwa gbé 5. Orin ẹ̀ náà fà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ojúlówó orin Mario lórí YouTube, mo rò pé ẹni tó gbé e síbẹ̀ ló sáré ẹ̀.

Ṣé ó bófin mu báyìí?

Ẹ̀tọ́ méjì ló wà níbẹ̀, ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń dà á pọ̀. Ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ, ìyẹn bí wọ́n ṣe ṣe àpótí, kì í pẹ́, bí ogún ọdún ni, ó ti tán. Ẹni tó bá ṣe àpótí tó ń ka kásẹ́ẹ̀tì Famicom lónìí kò jalè, tí kò bá ṣáà kọ Nintendo sí i. Àmọ́ ẹ̀tọ́ lórí géèmù fúnra ẹ̀ dà bí ẹ̀tọ́ lórí orin, ó máa ń pẹ́ gan-an. Mario ṣì ní olówó. Torí náà àpótí òfìfo ò lẹ́jọ́, àpótí tó ti kó géèmù 400 sínú tí kò sanwó fẹ́nì kankan ló lẹ́jọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n ò tíì rí ẹni tí wọ́n mú fún un ní Dúgbẹ̀.

Kí ló kù nílẹ̀ nínú ẹ̀?

Famicom àti NES tí Nintendo fọwọ́ ara wọn tà ju mílíọ̀nù 61 lọ. Ayédèrú ò sí nínú kíkà yẹn, kò sẹ́ni tó lè kà wọ́n. 2003 ni wọ́n tó dáwọ́ Famicom dúró ní Japan, ogún ọdún gbáko. Ọgbọ́n mẹ́gádì yẹn náà ò kú, tẹ́ ẹ bá rí bí PlayStation tàbí Apple ṣe ń gba tiwọn lórí gbogbo ohun tí ẹlòmíì bá tà lórí ẹ̀rọ wọn, inú NES ni ìwà yẹn ti jáde.

Ní ìparí 2023 ìròyìn kan jáde tí ọ̀pọ̀ ò lóye, pé ọmọ ọdún 13 kan ní Oklahoma ni èèyàn àkọ́kọ́ tó "parí" Tetris ti NES, géèmù tó jáde ní 1989. Àwọn èèyàn ní báwo, ṣé Tetris lópin ni? Kò lópin. Ọmọ yẹn gbá a dé ìpele 157, níbi tí ìṣirò máàkì ti ń pẹ́ ju àkókò tí àpótí ní láàárín àwòrán kan sí èkejì. Ìlù dún kí oníjó tó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ nílẹ̀, ó ṣubú. Géèmù dì gbagidi, ọmọ náà di orí mú. Fún ọdún 34, ìka èèyàn ò yá tó láti dé ibẹ̀ rárá.

Èyí tí wọ́n ń tà káàkiri báyìí, kékeré alápò tó ní ojú bíi fóònù, tí wọ́n kọ "400 in 1" sí, mo ra ọ̀kan fún ọmọ Bọ̀ọ̀dá ní ọjọ́ ìbí ẹ̀. Mo tú u kí n tó fún un, ẹ má bínú, ara mi ò gbà á. Ẹ̀kán ọ̀dà yẹn ló wà níbẹ̀. Mo so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, mo yí lọ sísàlẹ̀ títí mo fi rí Tank, mo mú páàdì kejì, mo ṣàlàyé fún un pé ẹyẹ tó wà nísàlẹ̀ yìí la máa jọ ṣọ́ o, ọ̀tá ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ó ní òun ti gbọ́. Ó yí ọkọ̀ ogun ẹ̀ padà wẹ́rẹ́, ó kọjú ẹ̀ sísàlẹ̀, ó yìnbọn fún ẹyẹ. Bọ̀ọ̀dá tó jókòó lẹ́yìn wa rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.